Bonsai tó yà bí ọwọ̀: ṣé ká tọ́ ọ láti kékeré ni, àbí ká gé kùkùté kó rú?

Ìbéèrè, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Bonsai, igi tí à ń tọ́ kó kéré nínú àwo kó sì jọ igi àgbà, ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀, pàápàá irú èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní hokidachi: ìdí igi á dúró ṣánṣán, ẹ̀ka á wá yà síta lókè, bíi pé èèyàn di ọwọ̀ mú ní ìdí tó gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Mo ra èso igi keyaki lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbìn ín, díẹ̀ hù, gbogbo rẹ̀ sì ti kú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yé da ara mi láàmú, kí n lọ gé ọ̀pá ọ̀dán tó nípọn tó apá èèyàn, kí n rì í sínú ìkòkò, pé kí ọdún tó yípo á ti yà bí ọwọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n bẹ̀rẹ̀ láti kékeré? Tó bá jẹ́ láti kékeré, igi wo? Gbogbo àlàyé tí mo ń rí kà, ti ilẹ̀ olótùútù ni. Wọ́n á ní kéèyàn gé e kí ìgbà òtútù tó parí. Ìgbà òtútù wo la ní níbí?

* * *

Àbúrò, gbàgbé keyaki yẹn. Igi ilẹ̀ Japan, Korea àti China ni. Nígbà òtútù gbogbo ewé rẹ̀ á wọ́ dànù, igi náà á sùn, ìgbà tí ooru bá padà dé ni yóò tó jí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn máa ń fi èso rẹ̀ sí ibi tútù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó wọ ilẹ̀. Ìkẹ́rẹ́ ò ní irú oorun bẹ́ẹ̀ láti fún un. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló pa á.

Ohun tó yẹ ká mú lára rẹ̀ ni ìdí tí wọ́n fi yàn án fún iṣẹ́ yìí. Bó bá dàgbà níta níbẹ̀, bó ṣe ń yà náà nìyẹn: ìdí kan gbọnrangandan, ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí ara wọn, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ á wá rí róbótó. Àwòrán igi àgbà ni bonsai ń ṣe. Nítorí náà igi tí a bá máa lò ní Èkìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó fẹ́ràn àtiyà, tó ń rú kíákíá tí a bá gé e, tí ewé rẹ̀ ò sì tóbi jù.

Ọ̀dán, àjàgbọn àti gúáfà ni mo máa ń sọ fún èèyàn. Ọ̀dán, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n láàárín wa, òun ló ń ṣe òjìji fún iwájú ààfin àti ọjà àtijọ́. Ẹ wo orí rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ máa rí ohun tí mò ń wí. Àjàgbọn, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, á máa pa dé lálẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ lè rí èso rẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn Hausa nínú ọjà, tsámíyà ni wọ́n ń pè é. Gúáfà, ẹyẹ ti gbìn ín fún wa sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ewé rẹ̀ tóbi díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, àmọ́ ó ní àǹfààní kan tí mo máa padà sọ.

Ọ̀pá ọ̀dán tó tó apá yẹn, yóò hù. Mi ò ní bá ọ̀rẹ́ rẹ jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó máa hù níbẹ̀ ò ní rí bí ohun tí o ń wá.

* * *

Ẹnì kan láti Adó dá sí i pé ṣé igi agboòrùn ò dáa ni, èyí tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé-epo àti báńkì. Ó ní ewé rẹ̀ kéré, ó sì lẹ́wà.

Ó lẹ́wà lóòótọ́. Madagascar ni wọ́n ti mú un wá. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ gbójú sókè: ẹ̀ka rẹ̀ ń lọ gbalaja ni, ní ipele-ìpele, àlàfo sì wà láàárín ipele kan àti èkejì. Fúrúùtù tí àwọn ọmọdé ń sọ lókò, ìbátan rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe ń yà. Bó ti wù kẹ́ ẹ gé e tó, ẹ̀ka tuntun tó bá yọ, á tún fẹ́ dùbúlẹ̀ ni. Èèyàn lè fi ṣe bonsai tó dáa, àmọ́ kì í ṣe irú tí à ń sọ yìí.

* * *

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ kùkùté, ọ̀pá tó nípọn tí a gé lórí kó lè rú, ni gbogbo yín fẹ́ jà lé lórí, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ń sọ nìyí. Ọ̀pá ọ̀dán ò wọ́n, ọ̀fẹ́ ni lára ọgbà. Ìdí rẹ̀ ti nípọn, kò sí pé à ń dúró de ọdún. Tí a bá gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ọ̀mùnú á yọ yí etí ojú ọgbẹ́ ká, òun náà la sì ń wá. Ará Ìlawẹ̀ tiẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kéèyàn ráyè fojú rí nǹkan, kì í ṣe gbogbo wa ló lè dúró."

Ọ̀nà yìí kì í ṣe irọ́. Àwọn ará Japan gan-an ń gé ìdí keyaki báyìí kí ewé tuntun tó yọ, wọ́n á sì fi okùn tàbí rọ́bà di ìsàlẹ̀ ojú ọgbẹ́ náà kó má baà wú. Àwọn mìíràn kì í gé e pẹrẹsẹ rárá, wọ́n á gbẹ́ ẹ wọnú ní àárín kí etí méjèèjì ga, kí àpá rẹ̀ lè bọ́ sáàárín ẹ̀ka nígbà tó bá ń pa dé.

Ibi tí mi ò ti bá yín lọ nìyí. Ọgbẹ́ tó fẹ̀ tó apá èèyàn lórí igi tí kò ní ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lọ, ibo lẹ fẹ́ fi pamọ́ sí? Ọ̀mùnú ọ̀dán kì í yọ ní méjì tàbí mẹ́ta. Á rọ́ jáde lọ́pọ̀, gbogbo wọn láti etí kan náà, gbogbo wọn ń nípọn lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ á wá wú di kókó. Lẹ́yìn ọdún méjì ìdí igi yóò tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, yóò sì sanra lókè, èyí tó lòdì sí bí igi àgbà ṣe máa ń rí. Kò sí gígé tó ń tú irú kókó bẹ́ẹ̀ palẹ̀. Ẹ tún máa rí i pé ọ̀pá tí a rì mọ́lẹ̀ sábà máa ń ta gbòǹgbò sí ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni igi oníbí-ọwọ̀ yìí ò ní ibi tó fẹ́ sá sí. Gbọnrangandan ló dúró. Gbogbo àléébù ìdí rẹ̀ ló máa hàn.

Tí ọwọ́ bá ń yá yín, ẹ mú ọ̀pá tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ di rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ọgbẹ́, kẹ́ ẹ máa tú u wò kó má baà jẹ ara igi. Nígbà tí ọ̀mùnú bá gùn tó ìka, ẹ dá mẹ́ta sí, ó pọ̀ tán mẹ́rin, kí wọ́n má sì jẹ́ ojúkan náà gan-an ni gbogbo wọn ti yọ. Ìyókù, ẹ fi ọwọ́ ṣí i kúrò nígbà tó ṣì rọ̀.

* * *

Ìyá wa láti Ọyẹ́ kọ ọ́ pé kí a máa ṣọ́ra, pé ọ̀dán kì í ṣe igi tí èèyàn ń mú wọlé, pé bàbá tiwọn ò jẹ́ gbà kí wọ́n gbìn ín sítòsí yàrá.

Ẹ ṣeun, ìyá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Èkìtì ló ní irú ìkìlọ̀ yẹn, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni tẹ ọ̀rọ̀ òbí rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí igi inú àwo. Ìta ni tèmi ń gbé, lórí pákó lábẹ́ ọ̀run. Kódà ká ní kò sí ìkìlọ̀ kankan, bonsai kì í ṣe ohun inú yàrá níbí, oòrùn ló ń mú kí oríkèé rẹ̀, ìyẹn ojú ibi tí ewé ti ń yọ, súnmọ́ ara wọn. Àti pé ọ̀dán ní agbára nílẹ̀ lóòótọ́: orí igi mìíràn ló sábà máa ń hù sí lóko, pàápàá orí ọ̀pẹ, á na gbòǹgbò sílẹ̀ títí á fi gbá igi náà mọ́ra. Ẹni tó bá gbìn ín mọ́ ògiri ilé, ògiri á sọ fún un. Bí ọkàn yín ò bá gbà á, gúáfà wà.

* * *

Àbúrò wa Ìkẹ́rẹ́ padà wá, ó ní òun ti gbà pé kékeré ni, kí ni òun máa kọ́kọ́ ṣe. Ó lérò pé màá sọ nípa ẹ̀ka. Rárá, gbòǹgbò ni.

Bí gúáfà tàbí àjàgbọn bá hù láti inú èso, olórí gbòǹgbò kan á fìdí lọ sísàlẹ̀ tààrà. Ìyẹn ò wúlò fún wa. À ń fẹ́ kí gbòǹgbò pín yí ìdí ká, kó nà sórí ilẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí ọ̀dọ́ igi bá ti ní ewé bíi mẹ́rin sí mẹ́fà, hú u jẹ́jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òjò ṣú, fi abẹ gé olórí gbòǹgbò rẹ̀ kó ku bí ìwọ̀n oríkèé ìka méjì, kí o tún un gbìn lọ́gán. Fi sábẹ́ òjìji títí yóò fi gbé orí rẹ̀ sókè.

Lẹ́yìn náà, mú ìdérí agolo mílíìkì, fi ìṣó lu àárín rẹ̀, kí ihò náà fẹ̀ ju ìdí igi lọ díẹ̀. Ki igi náà bọ ihò yẹn láti ìsàlẹ̀ wá, kí ìdérí wà lórí gbòǹgbò, kí o sì bu ilẹ̀ bò ó ní ìwọ̀n ìka méjì. Bí igi ṣe ń sanra, ihò náà ò ní sanra. Oúnjẹ tí ewé ń sè máa ń gba inú èèpo igi sọ̀kalẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Tó bá dé ibi tí páànù ti fún un lọ́rùn, yóò dúró síbẹ̀, igi á wá ta gbòǹgbò tuntun lókè páànù. Tí o bá hú u lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀ sí méjì, wàá rí i: gbòǹgbò funfun àti èyí tó ti ń pọ́n, gbogbo wọn dúró lórí ìdérí náà, wọ́n nà síta yíká, òkè ibi tí páànù ti fún un sì ti wú rọ̀bọ̀tọ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ páànù, gé e dànù. Èyí tó bá ta sókè tàbí tó rékọjá lórí òmíràn, gé òun náà. Gbé ìyókù sórí àfọ́kù táìsì, gbìn ín padà sínú ilẹ̀, má tíì ronú àwo rárá.

Inú ilẹ̀ ni mo wí. Igi inú àwo kékeré kì í sanra. Jẹ́ kó jẹ ilẹ̀dú dáadáa, sọ ọ́ mọ́ ọparun kó lè lọ ṣánṣán, jẹ́ kó ga kọjá ibi tí o máa gé e. Gíga yẹn ló ń fún ìdí rẹ̀ ní ìpọn.

* * *

Ẹ̀ka wá kù.

Pinnu gíga tí o fẹ́ kí igi náà ní lọ́jọ́ iwájú, kí ibi tó ti máa kọ́kọ́ yà sì wà ní bí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Igi tó máa ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó yà ní nǹkan bíi 10. Nígbà tí ìdí rẹ̀ bá tó àtàǹpàkò, gé e níbẹ̀, nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Má gé e nígbà ọyẹ́. Kò ní kú, àmọ́ yóò kàn jókòó tì ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rú, ọ̀mùnú rẹ̀ ò sì ní lágbára.

Àǹfààní gúáfà tí mo ní màá padà sọ rèé. Ewé gúáfà ń yọ ní méjì-méjì, wọ́n á kọjú síra wọn. Ojú tí ẹ̀ka tuntun ń gbà yọ wà ní abíyá ewé, nítorí náà ibikíbi tí o bá ti gé gúáfà lókè oríkèé, ẹ̀ka méjì ló máa yọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Igi náà ń pín ara rẹ̀ fún ọ ni. Yẹ́lò bọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà òdòdó ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ó dáa fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ọwọ́. Ọ̀dán àti àjàgbọn ò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ewé tiwọn ń yọ, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Tí o bá fẹ́ kí ọ̀dán pín sí méjì, wá ibi tí oríkèé méjì ti súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, kó o gé e lókè èyí òkè.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kan náà la ó máa ṣe lásọtúnsọ. Jẹ́ kí ẹ̀ka tuntun nà tó ewé márùn-ún sí mẹ́fà kó lè lágbára, kí o wá gé e padà sí ewé méjì. Méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ, mẹ́jọ á di mẹ́rìndínlógún. Ní Èkìtì, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, igi tó bá jẹun kánú lè gba irú gígé yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyẹn la fi ju àwọn onílẹ̀ tútù lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ilẹ̀ wa ò dáa fún bonsai.

Àárín orí igi ló máa ń lágbára jù, torí náà àárín ni kó o máa gé kúrú jù. Ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń ṣojo, fi í sílẹ̀ kó mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo rẹ̀ róbótó lọ́gbọọgba bí irun orí. Láti òkèèrè ó dà bíi pé ó dáa, àmọ́ tí o bá ya ewé sọ́tọ̀, wàá rí i pé inú rẹ̀ ti ṣófo. Ẹ̀ka tó wà lábẹ́ òjìji ti kú, ìta nìkan ló kù.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan láti Ìjerò ní kò sí bonsai láìsí wáyà, pé kí n yé kọ́ ọmọ lọ́nà òmùgọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ń bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ fún irú igi yìí, mi ò gbà. Wáyà wúlò fún igi tó fẹ́ tẹ̀ tàbí tó fẹ́ dorí kodò. Èyí tí à ń sọ, ẹ̀ka rẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ lọ sókè díẹ̀ àti síta díẹ̀ ni. Nígbà tí ọ̀mùnú gúáfà bá ṣì tutù, ìkó ni mo fi ń sọ wọ́n pọ̀ wẹ́rẹ́, kí wọ́n má baà ya gbalaja. Tí wọ́n bá ti le, màá tú u. Ibi tí wọ́n bá ti súnmọ́ ara wọn jù, èèkàn igi kékeré ni mo ń ki sáàárín wọn. Èèpo ọ̀dán rọ̀, ó sì ń sanra kíákíá lásìkò òjò. Wáyà tí èèyàn gbàgbé sára rẹ̀ fún oṣù kan péré á wọ inú ẹran ara rẹ̀, àpá yẹn á sì pẹ́ kó tó lọ. Níbi tí ẹ̀ka kan bá ti kọtí ikún, ẹ fi wáyà sí i, mi ò ní ẹ má fi sí i. Kó kàn má jẹ́ òun lẹ máa kọ́kọ́ mú.

Tí oje ọ̀dán bá ń ṣàn lẹ́yìn gígé, ẹ wọ́n omi sí i, yóò dá. Gbòǹgbò tó bá ń so rọ̀ lára ìdí rẹ̀, ẹ máa gé e kúrò. Ìdí igi onírú èyí gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní.

* * *

Àwọn tó ń béèrè àwo àti ilẹ̀: nígbà tí orí igi bá ti pín dáadáa ni ká tó gbé e sínú àwo. Ìsàn-Èkìtì là ń gbọ́ ìròyìn ìkòkò láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ lè bá àwọn ìyá amọ̀kòkò sọ ọ́ kí wọ́n mọ èyí tó tẹ́jú, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí wọ́n sì dá ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀ kó tó gbẹ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ihò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, torí ìkòkò tó ń jò kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa ń bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀. Ìkòkò amọ̀ wa ń fa omi, ó sì máa ń gbẹ kíákíá. Ó dáa lásìkò òjò. Nígbà ọyẹ́, ẹ bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ gbé e kúrò lójú ọ̀nà atẹ́gùn gbígbẹ.

Ilẹ̀ pupa wa nìkan ò dáa nínú àwo, ó máa ń dì gbagidi. Òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ sẹ́ ẹ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò, apá méjì. Èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́, apá kan. Ilẹ̀dú, apá kan. Ẹni tí kò bá rí èédú lè lo èèpo ekùrọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù, ẹ má fi súnmọ́ ọn, ó ń jó gbòǹgbò.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ẹ gbé igi yín ga. Ọ̀mùnú gúáfà dùn lẹ́nu ewúrẹ́ ju ewé ẹ̀gẹ́ lọ, ìṣẹ́jú kan ti tó fún un láti jẹ iṣẹ́ ọdún kan.

* * *

"Ọdún mélòó ni gbogbo eléyìí?" Ará Ìfàkì ló béèrè.

Láti èso gúáfà sí ìdí tó tó àtàǹpàkò tó sì ní gbòǹgbò yíká, ọdún méjì sí mẹ́ta nínú ilẹ̀. Orí tó pín dé ibi tí ẹlòmíràn á rí i tí yóò sì mọ ohun tó jẹ́, ọdún méjì sí mẹ́ta mìíràn. Àjàgbọn á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kùkùté ò fi bẹ́ẹ̀ yára jù ú, torí iye ọdún tí ẹ máa fi gbìyànjú àtipa kókó rẹ̀ mọ́ pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ẹ jèrè lọ.

Àbúrò, kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó rọlẹ̀ tán, wá ọ̀dọ́ gúáfà bíi mẹ́wàá lábẹ́ igi àwọn aládùúgbò. Má ṣe gbin ẹyọ kan. Ẹ̀ka wọn ò ní yà bákan náà, gbòǹgbò wọn ò sì ní nà bákan náà. Tó bá di ọdún kejì, yan mẹ́ta tí gbòǹgbò wọn yíká jù lọ, kí o sì gbin ìyókù sẹ́yìn ilé kí wọ́n máa so jẹ.